Láti Ààrò Eérú Dé Inú Ike Ìpara

Bí ènìyàn bá yí ike ìpara ojú olówó iyebíye padà, tí ó sì ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó kan orúkọ kan: Laminaria digitata. Àwọn tó ń tà á yóò sọ pé ó ń mú kí awọ mu omi, pé kì í jẹ́ kí ojú hunjọ, àti pé inú òkun tí ọwọ́ ọmọ aráyé kò tíì kàn ni wọ́n ti mú un wá. Ní ti ọwọ́ ọmọ aráyé yìí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àwọn ará etíkun kan nílẹ̀ Faransé ti ń gé ewéko òkun jẹun. Wọ́n ti fi bọ́ ilẹ̀ oko, wọ́n ti sun ún di eérú fún àwọn onídígí àti àwọn ọlọ́ṣẹ, wọ́n ti yọ oògùn egbò lára rẹ̀, wọ́n sì ti fi mú áísìkiriìmù ki, kí àwọn onípara tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Bretagne ni etíkun náà, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí ilẹ̀ ti yọrí sínú òkun Àtìláńtíìkì. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ibẹ̀ ń fà sẹ́yìn tí ó sì ń padà wá. Nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, tàbí nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà lè ju mítà 7 lọ. Bí omi bá ti lọ, àpáta yóò yọ, ewéko tó lẹ̀ mọ́ ọn yóò sì hàn síta, òmíràn nínú rẹ̀ gùn ju ènìyàn lọ. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn ará ibẹ̀ pín in sí: èyí tí ìjì já tí ìgbì sì gbé wá sí èbúté, èyí tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ gé nígbà tí omi bá fà, àti èyí tó wà nísàlẹ̀ tí kò ṣeé dé láìsí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba, ìjà sì pọ̀ lórí rẹ̀.

Ìjà náà pọ̀ débi pé òfin òkun tí Jean-Baptiste Colbert, òjíṣẹ́ Ọba Louis Kẹrìnlá, gbé jáde ní ọdún 1681 ya orí kan sọ́tọ̀ fún gígé ewéko òkun nìkan. Òfin náà ní kí àwọn ìjọ tó wà létíkun máa pé jọ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní ọdún, lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n fẹnu kò lórí ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé e àti ọjọ́ tí wọn yóò dáwọ́ dúró. Ó ka gígé e lóru léèwọ̀. Èyí tí ìgbì bá gbé wá fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kó o.

Oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Ewéko òkun tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sílẹ̀ lọ́dọọdún ló sọ agbègbè Roscoff àti Saint-Pol-de-Léon di ilẹ̀ ọlọ́ràá, tí àlùbọ́sà ibẹ̀ fi gbajúmọ̀ títí tí ó fi sọdá òkun. Ní ọdún 1828, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Henri Ollivier di àlùbọ́sà sínú ọkọ̀ lọ tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Roscoff sì ń tọ ipa ọ̀nà rẹ̀ fún ìran mélòó kan lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń kiri ọjà wọn láti ojúlé dé ojúlé.

Ṣùgbọ́n inú eérú ni owó wà. Àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú nílẹ̀ Yorùbá mọ irú iṣẹ́ yìí: wọ́n á sun èèpo kòkó di eérú, wọ́n á sẹ́ omi gba inú rẹ̀ kọjá, omi eérú náà ni yóò sì bá òróró pò di ọṣẹ. Ohun tí àwọn ará Bretagne ń ṣe kò jìnnà sí i, àfi pé eérú ewéko òkun ní sódà nínú ju eérú igi lọ, sódà sì ni àwọn onídígí ń wá láti fi mú kí iyanrìn tètè yọ́ nínú iná. Wọ́n á gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí etíkun, wọ́n á fi òkúta tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á sì máa da ewéko gbígbẹ sí i díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun tó bá yọ́ sísàlẹ̀ á dì gbagidi bó bá ti tutù, wọ́n á sì fi ọ̀pá irin hú u jáde ní bíríkì bíríkì.

Èéfín rẹ̀ kò ṣeé fara dà. Ní ọdún 1731, àṣẹ ọba jáde láti dín gígé àti sísun rẹ̀ kù ní àwọn etíkun kan, torí ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn pé ó ń lé ẹja lọ. Ní erékùṣù Stronsay ní Orkney, lápá àríwá Skọ́tílándì, níbi tí James Fea ti mú iṣẹ́ náà wọ̀lú ní ọdún 1722, ìbínú ru sókè ní 1742, àwọn ará ìlú sì dìde sí àwọn tó ń sun ewéko. Wọ́n ní èéfín náà yóò pa irè oko, yóò pa ẹja, yóò sì kó àìsàn bá ẹran ọ̀sìn. Ilé ẹjọ́ ló parí ọ̀ràn náà, sísun sì ń bá a lọ.

Ohun tí ìbínú ará ìlú kò lè dá dúró, kẹ́mísírì dá a dúró. Ní ọdún 1791, Nicolas Leblanc gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà kan tí wọ́n lè gbà ṣe sódà láti ara iyọ̀ lásán. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń lo ọ̀nà náà pọ̀ tán, sódà di ọ̀pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì nílò láti sun ewéko lẹ́bàá òkun mọ́ nítorí dígí.

Iṣẹ́ náà ì bá ti parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Bernard Courtois. Iyọ̀ tí wọ́n fi ń po ẹ̀tù ìbọn ni Courtois ń ṣe ní Paris, lákòókò tí ogun Napoleon ń jẹ ẹ̀tù lójoojúmọ́, eérú ewéko òkun sì wà lára ohun tó ń lò. Ní ọdún 1811, ó da ásíìdì sí ohun tó ṣẹ́ kù nínú eérú náà, ni èéfín elésè àlùkò kan bá rú jáde, tí ó sì dì sára irin tútù ní wóró wóró tó ń dán. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí ni. Humphry Davy láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Joseph Louis Gay-Lussac yẹ̀ ẹ́ wò ní 1813, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yà ìpilẹ̀ tuntun ni: áyódíìnì. Nígbà tó di 1820, dókítà Jean-François Coindet ní Geneva ti ń fi wo gẹ̀gẹ̀ ọrùn. Nígbà tó di 1839, Louis Daguerre ti ń fi èéfín rẹ̀ sí ara àwo fàdákà láti ya àwòrán. Ní ti Courtois fúnra rẹ̀, ó kú ní òtòṣì ní Paris ní ọdún 1838.

Ni wọ́n bá tún ààrò dá. Ní nǹkan bí ọdún 1830, ilé iṣẹ́ áyódíìnì ti ṣí sílẹ̀ ní Le Conquet, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e ní L'Aber-Wrac'h, Audierne àti Pont-l'Abbé. Áyódíìnì pọ̀ jù nínú ewéko tó wà lábẹ́ omi, nítorí náà ọkọ̀ ojú omi di kòṣeémánìí. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń sún mọ́, àwọn ọkùnrin Plouguerneau àti àwọn ìlú tó yí i ká á kó ẹṣin, kẹ̀kẹ́ ẹrù àti ànàmọ́ òyìnbó sínú ọkọ̀, wọ́n á tukọ̀ lọ sí àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà láàárín Molène àti Ouessant. Wọ́n á kọ́ ahéré olókùúta síbẹ̀, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Dòjé tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ni wọ́n fi ń gé ewéko láti inú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó kún dé etí ń fì sọ́tùn-ún sósì láàárín àpáta. Ọ̀pọ̀ ló bá a lọ.

Iye áyódíìnì tó bá wà nínú bíríkì eérú ni ilé iṣẹ́ ń san owó lé lórí. Àwọn tó ń wọn áyódíìnì yẹn ni àwọn kan náà tó ń rà á, àwọn tó ń gé ewéko kò sì ní ohun èlò tí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ fún wọn. Àríyànjiyàn lórí ìwọ̀n yìí kò tán títí iṣẹ́ náà fi parí.

Ayàwòrán sinimá Jean Epstein lọ sí erékùṣù Bannec ní ọdún 1928 láti ya fíìmù Finis Terræ, tó jáde ní 1929. Kò mú òṣèré kankan láti Paris lọ. Àwọn ọmọ erékùṣù fúnra wọn ló ṣe é: ọkùnrin mẹ́rin tó ń sun ewéko ní erékùṣù tí kò sí ẹlòmíràn, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín méjì nínú wọn, àtàǹpàkò ọ̀kan sì gba ọgbẹ́ tó di egbò burúkú. Ẹni tó bá wo fíìmù náà yóò rí ààrò, èéfín, dòjé àti ọkọ̀ bí wọ́n ṣe rí gan-an nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì gbóná.

Ṣùgbọ́n ní òkè òkun, nǹkan ti ń bà jẹ́ fún àwọn tó ń sun ewéko tipẹ́. Ní aṣálẹ̀ Chile, àwọn tó ń wa iyọ̀ ajílẹ̀ rí i pé áyódíìnì wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́, ó sì rọrùn láti yọ ju ti ewéko lọ. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fún Bretagne ní ìsinmi díẹ̀, nítorí àwọn dókítà ológun nílò áyódíìnì fún ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn ogun, owó orí ọjà láti Chile ló ń pàṣẹ. Ní ọdún 1955, ilé iṣẹ́ áyódíìnì tó gbẹ̀yìn ní Bretagne ti ilẹ̀kùn.

Ní àkókò yìí, oníbàárà mìíràn ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 1881, Edward Stanford, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Skọ́tílándì, ti yọ ohun kan tó ń yọ̀ pọ̀lọ̀ jáde nínú ewéko òkun, ohun tí a mọ̀ sí alginate lónìí. Ó ń mú omi ki, ó ń jẹ́ kí òróró àti omi wà pọ̀ láìpínyà, bí ó bá sì pàdé káṣíọ́ọ̀mù, yóò dì ní kíá. Àwọn oníṣẹ́ eyín ń fi gba àwòrán eyín, àwọn onífákítọ̀rì ń fi sínú áísìkiriìmù, ọbẹ̀ inú agolo àti ọ̀dà tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Lannilis àti Landerneau ni ilé iṣẹ́ alginate méjèèjì ti Bretagne wà. Wọn kì í ra eérú. Ewéko gan-an ni wọ́n ń rà, torí náà iná kú nínú àwọn ààrò etíkun.

Ní àwọn ọdún 1970, dòjé náà fẹ̀yìn tì. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni irin onígọ̀ńgọ̀ kan tí wọ́n sọ mọ́ apá ẹ̀rọ lórí ọkọ̀. Yóò wọ inú omi, yóò máa yí bírí, ewéko á wé mọ́ ọn, ẹ̀rọ á sì fà á tu láti ara àpáta. Scoubidou ni wọ́n sọ ọ́. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ tí agbo ilé kan ń fi ọjọ́ mélòó kan ṣe tẹ́lẹ̀. Ewéko tí àwọn ọkọ̀ Bretagne ń kó báyìí máa ń lé ní 40,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, èbúté Lanildut sì ni a mọ̀ sí èbúté ewéko òkun tó tóbi jù ní Yúróòpù. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń gbé e lọ sí fákítọ̀rì.

Ọ̀nà tí ewéko yìí gbà dé ojú àwọn obìnrin kò ti fákítọ̀rì wá. Ilé ìwẹ̀ ló ti wá.

Ní Roscoff kan náà, níbi tí Henri de Lacaze-Duthiers ti dá ibùdó ìwádìí ẹ̀dá inú òkun sílẹ̀ ní ọdún 1872, dókítà kan tó ń jẹ́ Louis Bagot ṣí ilé ìtọ́jú kan ní 1899. Rockroum ni wọ́n pè é. Omi òkun tí wọ́n mú gbóná ni wọ́n fi ń wẹ àwọn tí oríkèé ń dùn. Ní 1904, René Quinton gbé ìwé kan jáde tó sọ pé omi inú ara ènìyàn àti omi òkun jọra, pé inú òkun ni gbogbo ẹ̀dá ti ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò gba gbogbo ohun tó sọ gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àwọn tó ń ta ohun ìtọ́jú ara sì ń lò ó títí di òní.

Ẹni tó sọ ìwẹ̀ omi òkun di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lé ni Louison Bobet, ọmọ Bretagne tó gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ní 1953, 1954 àti 1955. Lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tó ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, Roscoff ló ti gba ìtọ́jú. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó kọ́ ilé ìtọ́jú tirẹ̀ sí Quiberon ní 1964. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe aláìsàn nìkan mọ́. Àwọn olówó tó fẹ́ sinmi, tó fẹ́ kí ara jọ̀lọ̀, ń lọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n fi ewéko lílọ̀ bò wọ́n láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń fi sí wọn lára níbẹ̀, wọ́n fẹ́ máa rà á lọ sílé. Thalgo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìṣaralóge olóòkun ní 1964. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Phytomer bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Malo, ìlú èbúté Bretagne, pẹ̀lú omi òkun tí wọ́n gbẹ di lẹ́búlẹ́bú. Ní òdìkejì òkun, ní Amẹ́ríkà, Max Huber, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nípa ìmọ̀ ojú òfuurufú, ń po ìpara tirẹ̀ láti ara ewéko òkun Kalifọ́níà tó ti kan. Ìtàn tí ilé iṣẹ́ náà ń sọ ni pé iná jó o lójú níbi iṣẹ́, ó sì wá oògùn fún ara rẹ̀. Huber kú ní 1991, ilé iṣẹ́ Estée Lauder ra ìpara náà ní 1995, La Mer sì di ọ̀kan nínú àwọn ìpara tó gbówó lórí jù láyé.

Kí ló wà nínú ewéko yìí tí àwọn onípara fi ń wá a kiri? Èrò wọn kò ṣòro láti tẹ̀ lé. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń fi ewéko etíkun sílẹ̀ sínú oòrùn àti atẹ́gùn, iyọ̀ ń pọ̀ lára rẹ̀, omi ń gbẹ, síbẹ̀ kì í kú. Ó ní ṣúgà onífọ́nrán gígùn tó ń di omi mú, ó ní ohun tó ń gbé ìtànṣán oòrùn mì kó tó ba ara rẹ̀ jẹ́. Porphyra umbilicalis, ewéko pupa kan tó ń hù sára àpáta tí oòrùn ń pa púpọ̀, ni ilé iṣẹ́ Mibelle ní Siwisálándì ti yọ irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde, tí ó sì ń tà á fún àwọn onípara ní orúkọ Helioguard 365.

Àmọ́ ohun tó gba ewéko lọ́wọ́ oòrùn kò fi dandan jẹ́ ohun tí yóò gba awọ ènìyàn. Ní ọdún 2000, Jan Bos àti Marcus Meinardi tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ awọ ara ń tọ́ka sí gan-an: ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju Dalton 500 lọ kì í sábà rí ọ̀nà gba inú awọ tó pé kọjá. Alginate àti àwọn ṣúgà onífọ́nrán gígùn tí a ń sọ yìí tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ojú awọ ni wọ́n ń dúró sí. Níbẹ̀, wọ́n ń di omi mú, awọ á rọ̀, àwọn ìlà wínníwínní á dà bí ẹni pé wọ́n ti lọ, títí tí a ó fi fọ̀ ọ́ kúrò. Òfin ohun ìṣaralóge ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nọ́ńbà 1223 ti ọdún 2009, mọ ìyàtọ̀ yìí. Ìpara lè wẹ ara mọ́, ó lè tún ìrísí ṣe, ó lè dáàbò bo awọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní oògùn.

Àwọn tó ń lọ sí ilé ìṣaralóge mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójúkojú. Wọ́n á po lẹ́búlẹ́bú alginate mọ́ omi, wọ́n á fi kun ojú, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò dì, wọ́n á sì ká a kúrò lódindi. Káṣíọ́ọ̀mù tó wà nínú lẹ́búlẹ́bú náà ló ń mú un dì, ọ̀nà kan náà tí oníṣẹ́ eyín fi ń gba àwòrán eyín. Láàárín ìgbà tó wà lójú, kì í jẹ́ kí omi awọ fẹ́ lọ.

Láti àwọn ọdún 1980 wá, àwọn onípara bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tó jìn ju etíkun lọ. Ní 1986, William Fenical ti ibùdó ìwádìí Scripps ní San Diego àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àlàyé pseudopterosin, ohun kan tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, tí wọ́n rí nínú ẹ̀dá òkun kan ní Bahamas tó nà jáde lórí àpáta bí ẹ̀ka igi. Estée Lauder fi sínú ìpara Resilience, Yunifásítì Kalifọ́níà sì gba owó lórí rẹ̀. Àwọn tó ń kó o ní Bahamas kì í fà á tu. Wọ́n ń rẹ́ orí rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó lè tún rú.

Èyí tó tún yani lẹ́nu wá láti ibú tí oòrùn kì í dé. Ní 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àwọn orísun omi gbígbóná tó ń tú jáde nísàlẹ̀ òkun nítòsí Galápagos. Níbi irú orísun bẹ́ẹ̀ nínú òkun Pàsífíìkì, ní ibú tó tó mítà 2,600, aràn kan wà tó ń gbé ara ògiri tí omi gbígbóná ń gbà jáde. Alvinella pompejana ni orúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Faransé láti àjọ Ifremer rí bakitéríà kan lára rẹ̀ tó ń pọ ṣúgà onífọ́nrán jáde. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n tọ́ ọ nínú àgbá, ohun tó ń pọ̀ jáde náà sì di Abyssine, èyí tí Kiehl's fi sínú ìpara. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n nílò láti lọ sí ibú náà. Lẹ́yìn ìyẹn, inú àgbá ni bakitéríà ń bí sí i.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ tuntun yìí ti yà kúrò lọ́nà tí àwọn ará Plouguerneau mọ̀. Onídígí nílò ewéko lọ́dọọdún, oníáyódíìnì nílò rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó ní bakitéríà nínú àgbá kò nílò ọkọ̀ ojú omi mọ́. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún ẹja ekurá. Mitsumaru Tsujimoto ní Japan ló rí squalene nínú òróró ẹ̀dọ̀ ekurá ní 1906, ó sì di èròjà pàtàkì nínú ìpara. Nígbà tí ariwo pọ̀ nítorí àwọn ekurá ibú tí wọ́n ń pa, Unilever àti L'Oréal kéde ní 2008 pé àwọn yóò jáwọ́ nínú ti ekurá. Èso ólífì gba ipò rẹ̀, lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ Amyris bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwúkàrà àti ìrèké Bràsíìlì ṣe é. Fún ekurá, ìròyìn ayọ̀ ni.

Ta ló wá ni ohun tó wà ní ibú tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan? Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní New York, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tó ní kí àǹfààní tó bá ti ara ẹ̀dá inú irú òkun bẹ́ẹ̀ jáde di ohun tí a ó pín. Àdéhùn náà tọ́ka sí bakitéríà àti àwọn ẹ̀dá ibú gẹ́gẹ́ bí òfin Colbert ti tọ́ka sí ewéko, ṣùgbọ́n kò sí ìjọ létíkun tó lè pé jọ lọ́jọ́ Àìkú láti yan ọjọ́ ìkórè.

Ní Bretagne, ìkórè ṣì ń lọ, ìwé àṣẹ àti ààlà sì wà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti 2007, apá púpọ̀ nínú omi tó wà láàárín Molène àti Ouessant ti wà lábẹ́ ọgbà ìdáàbòbò òkun Iroise. Púpọ̀ jù nínú ewéko tí wọ́n ń kó ń lọ sí alginate. Ìwọ̀nba díẹ̀, tí àwọn kan ń fi ọwọ́ gé létíkun tí wọ́n sì ń tà ní kílò kílò, ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn onípara. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù báyìí ni ooru. Laminaria digitata fẹ́ràn omi tútù, bí omi bá sì ti gbóná tó ìwọ̀n 18 lórí Celsius, bíbí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn kan ti ń gbin ewéko sára okùn nínú òkun: ewéko aládùn ti ìbílẹ̀, àti wakame ti Japan tí àwọn onímọ̀ Faransé mú wá sí Bretagne ní 1983.

Àwọn onímọ̀ ibùdó Roscoff ń ka inú ewéko náà bí ìwé. Ní ọdún 2010, àwọn ló ṣíwájú àwọn tó tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá Ectocarpus, ẹ̀yà ewéko òkun aláwọ̀ ilẹ̀, jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Paris ni Courtois wà nígbà tó sọ ewéko di áyódíìnì, Skọ́tílándì ni Stanford wà nígbà tó sọ ọ́ di alginate, àwọn tó ń gé e kò sì mọ ohunkóhun títí owó ọjà fi yí padà. Ibi tó ṣeé ṣe kí ìyípadà tó ń bọ̀ ti wá kò jìnnà bẹ́ẹ̀ mọ́: etíkun kan náà ni, àwọn tó ń ṣe é sì ń wo àpáta tí wọ́n ti ń gé ewéko láti ojú fèrèsé.